Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Pín Òkun ní Ìlú Gbàgbélé

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé wá, atẹ́gùn ń gba ẹ̀yìn yín kọjá. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ jókòó sórí ẹní. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lórí iná, ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Mo ti fi ata sí i, mo ti fi epo sí i, irú ti wọ̀ ọ́, ẹran ìgbẹ́ ti wọ̀ ọ́. Iyọ̀ nìkan ni mi ò tíì fi sí i. N kò sì ní í fi sí i títí ìtàn yìí yóò fi parí, nítorí pé ìtàn iyọ̀ ni. Ẹni tí ebi bá ń pa, kó tètè gbe orin. Bí mo bá lé e, ẹ gbè é:

Ọdẹ́yalé ń relé òkun,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*
Ó gbébọn, ó sì mú ajá,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*
Ọmọ tuntun ń dúró nílé,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dára ju ti àná lọ.

Ọdẹ kan wà nílùú wa láyé àtijọ́, Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín nínú igbó, ìkookò á sáré. Bó bá wúkọ́, ẹfọ̀n á dọ̀bálẹ̀. Ẹ má wojú ara yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọdẹ tó jù ú lọ, kó dìde kó wí i, kó sì lọ jẹun alẹ́ nílé ọdẹ ọ̀hún.

Ẹ ò dìde? Mo mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́yalé bí, Ọdẹ́bùnmi. Wọ́n fojú sọ́nà pé kí Ọdẹ́bùnmi lóyún títí ojú fi ń ro wọ́n, kí Ọlọ́run tó dá a lóhùn, ó bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà lẹ́wà gan-an ni. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ijó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó nǹkan ìsọmọlórúkọ jọ, wọ́n rí oyin, wọ́n rí omi, wọ́n rí obì àti orógbó, wọn kò rí iyọ̀. Àgbàrá ti wó afárá, àwọn oníyọ̀ kò sì lè wọ̀lú mọ́. Gbogbo ilé ló dojú àwo iyọ̀ dé, tí wọ́n ń gbá a nídìí. Eruku ló ń jáde.

Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ mọ́ra, ó ní, "Bàbá mi, kí la ó fi tọ́ ọmọ yìí lẹ́nu ká tó sọ pé ayé rẹ̀ á dùn? Ṣé eérú ni?"

Bàbá rẹ̀ dìde. "Ta ni bàbá rẹ?"

"Ọdẹ́yalé ni."

"Kí ni mo lé rí tí ọwọ́ mi ò bà?"

"Màmá mi nìkan ni, lọ́jọ́ tí ẹ fọ́ ìkòkò wọn tí ẹ ní kí wọ́n dúró kí ẹ bẹ̀ wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú ẹkún kúrò lójú Ọdẹ́bùnmi. Ọdẹ́yalé ní, "Òkun ni ilé iyọ̀. Òkun ni mò ń lọ. Kí oòrùn ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kan àtàrí, iyọ̀ á wà nínú àwo." Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó súfèé sí ajá rẹ̀. Ẹ̀yìnlàárò ni ajá náà ń jẹ́. Ọlọ́gbọ́n ajá ni. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Kò tíì rìn jìnnà nínú igbó tó fi bọ́ sọ́wọ́ Ẹlẹ́nu-Ikùn. Iwin ni, ó ga bí igi àràbà, ó ní ẹnu lójú, ó ní òmíràn níkùn. Bí ti òkè bá ń bínú, ti ìsàlẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín.

"Ta ni ń fi ẹsẹ̀ eléruku wọ ààfin mi?" Ẹnu òkè ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, Ọdẹ́yalé, ẹni tó ń yìnbọn kí àparò tó ronú àtifò!"

"Ẹ gbọ́ ẹnu!" ni ẹnu ìsàlẹ̀ wí, ẹ̀rín ń pa á. "Àwa tá a ní ẹnu méjì ò sọ̀rọ̀ tó báyìí."

Iwin náà na ọwọ́ dí ọ̀nà. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á já àlọ́ mi. Kí ni omi ń jẹ egungun rẹ̀, tí iná ń kó egungun rẹ̀ jọ?"

Ọdẹ́yalé fọwọ́ họrí. "Ẹja ni."

"Ìgbà wo ni omi jẹ egungun ẹja? Má ṣe àwàdà."

"Yìnyín ni."

"Ta ló fi iná kó yìnyín jọ nílé yín?"

Ọdẹ́yalé wo ajá, ajá wo Ọdẹ́yalé. Ẹnu ìsàlẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Bó bá ń bọ̀, kó mú ìdáhùn dání."

"Ó dáa," ni ẹnu òkè wí. "Ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò relé mọ́. Ibí ni yóò máa gbé, á máa fi pákò rin eyín ikùn mi láàárọ̀ àti lálẹ́."

Ọdẹ́yalé wo eyín náà. Ó sáré kọjá.

Ohun tó rí lọ́nà, bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, ọbẹ̀ yìí á jóná. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó tán, ilẹ̀ di iyanrìn, ó funfun bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Ọdẹ́yalé gbójú sókè. Ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n nà gbalaja sórí ẹní, ojú wọn dí, aṣọ ara wọn kò tó nu ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò mira. Níwájú wọn, ẹranko kan wà tí kò lórí, kò nírù, ó fẹ̀ dé ibi tí sánmọ̀ parí sí. Ó ń bú ramúramù. Ó ń yọ eyín funfun, á sáré wá lá àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ènìyàn náà, á sì fà sẹ́yìn.

"Yéè!" ni Ọdẹ́yalé wí. "Ẹranko yìí ti pa odidi ìlú, ó wá ń tọ́ wọn wò!"

Ọmọ igbó ni, ẹ má bínú sí i. Odò tó tóbi jù tó rí rí, ajá rẹ̀ lè fò ó. Ó kúnlẹ̀, ó di ojú kan, ó yìnbọn fún òkun. *Gbàù!*

Gbogbo òkú bá dìde!

Òmíràn sá wọ omi, òmíràn fi ẹní bo orí. Nígbà tí èéfín fẹ́ lọ, tí wọ́n rí bàbá arúgbó kan tó dúró gangan tó ń wò wọ́n tìyanutìyanu, obìnrin kan bi í pé, "Bàbá, kí lẹ yìnbọn fún?"

"Ẹranko tó pa yín ni!"

"Ta ló pa wá? Oòrùn la ń yá."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sá ara yín sóòrùn? Nílùú tiwa, èlùbọ́ la máa ń sá!"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn tó sá wọ omi fi ń gbé omi mì. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí ikùn rẹ̀ pupa fóò nítorí oòrùn dìde lórí ẹní, ó gbé adé imọ̀ ọ̀pẹ lé orí, gbogbo wọn sì kúnlẹ̀. Àṣé ọba ni! Ọba Arẹ́rìn-ín-jayé, ọba Ìlú Gbàgbélé, òun náà wà nínú òkú. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀, iyanrìn wọ̀ ọ́ nímú.

"Dìde, ọdẹ. Kí lo wá ṣe?"

"Kábíyèsí, iyọ̀ ni mo wá wá, fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ mi."

"Iyọ̀? Iyọ̀ níhìn-ín pọ̀ bí iyanrìn. Òfin ìlú wa nìkan ló wà níbẹ̀. Àlejò lè jẹ, ó lè mu, ó lè sùn títí, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò gbọdọ̀ bá a jáde nílùú àfi ohun tó bá jẹ́ ìpín rẹ̀. Kí ni ìpín rẹ níbí?"

Ọdẹ́yalé nu iyanrìn nímú.

Ọba fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀. "Bí ọdẹ bá yìnbọn fún ẹran nílùú yín, kí ni ó ń ṣe?"

Ìgbéraga ọdẹ gùn ún. "Kábíyèsí, ẹni tó bá yìnbọn fún ẹran ló ń pín in! Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ìpín kóówá tó kàn án. Bí baba mi ṣe ń ṣe nìyẹn, bí baba tirẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọba wí. "O yìnbọn fún òkun. Pín in fún wa, kí o tó lọ."

Ẹ ò rí ẹnu? Ẹnu tí adìẹ fi ń jẹun náà ló fi ń pe àṣá. Ọdẹ́yalé wo òkun láti ọ̀tún dé òsì. Ó wo ọ̀bẹ tó fi ń kun ẹran. Ó ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀.

"Má kánjú," ni ọba wí. "Ẹni tó bá ń ronú ní láti jẹun. Alákàn, mú àlejò rìn yí ìlú ká."

Alákàn yìí, akàn ni lóòótọ́, ó tóbi bí ilẹ̀kùn àká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi àlejò mọ̀nà. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà wà níwájú, òun á kọjú sí igbó, á fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

"Bàbá ọdẹ, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé mi."

"Ìwọ akàn, ṣé ó dá ọ lójú pé a ó débẹ̀?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rìn tààrà, ta lẹ yìnbọn fún láàárọ̀?"

Ọdẹ́yalé fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e. Ajá náà fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e.

Wọ́n dé Igbó Àgbọn, níbi tí àwọn igi ti ń tẹrí ba fún àlejò tí wọ́n sì ń bu omi inú àgbọn fún un mu. Ọdẹ́yalé mu, ó dùn. Ó ní, "Omi yìí dùn bí ẹran erin tí mo fi ọwọ́ lásán pa." *Pó!* Àgbọn já lù ú lórí. Alákàn ní, "Mo gbàgbé láti sọ fún yín, bàbá. Wọn kì í fẹ́ àsọdùn." Èmi náà ti fọkàn sí i pé n kò ní í dé igbó yẹn láéláé.

Wọ́n dé Ìlú Orí-Omi. Orí òpó ni àwọn ilé ibẹ̀ wà, bó bá sì di ọ̀sán, àwọn ilé á ká òpó wọn sókè bí obìnrin ṣe ń ká ìró, wọ́n á wọ́dò lọ kí ara wọn. "Ẹ kú ilé o!" "Ẹ wọlé o!" Ilé wọ inú ilé, wọ́n jọ jẹ ẹja yíyan. Ọdẹ́yalé jẹ nínú rẹ̀, ó tún jẹ.

Wọ́n dé Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, omi tó ń já láti orí àpáta wá sínú òkun. Ẹni tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, omi á máa rin ín ní ìgbáròkó. Ọdẹ tí ẹkùn kò lè dẹ́rù bà, ó ń ké "Ó tó! Ó tó!" bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wẹ̀ nínú òkun fúnra rẹ̀, ó jáde, ó nà sórí ẹní. Oòrùn gbẹ ẹ́. Atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Wọ́n tún gbé omi àgbọn wá.

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀, bí omi ṣe ń wọ́ kúrò nínú ajere. Kí ló dé tí wọ́n ń pe ìlú náà ní Gbàgbélé? Àwọn àlejò tó kún etí òkun yẹn, èyí tó ní òun fẹ́ ra ẹja kó sì padà lọ́jọ́ kejì, irungbọ̀n rẹ̀ ti balẹ̀.

Alákàn bi í pé, "Bàbá ọdẹ, kí lẹ ní ẹ wá ṣe níhìn-ín ná?"

"Mo wá... ṣé kì í ṣe oòrùn ni mo wá yá?"

"Kí lorúkọ ọmọ yín?"

Ọdẹ́yalé la ẹnu. Orúkọ kò jáde.

Ajá dìde, ó gbó, ó sá lọ sórí òkìtì funfun kan tó wà lẹ́yìn wọn. Òkè Ìkarahun ni. Alákàn pariwo pé, "Ẹ̀yìnlàárò, padà! Bàbá, ẹ má débẹ̀! Ẹni tó bá ti fi ìkarahun ibẹ̀ sétí, kì í fẹ́ rìn ká mọ́, iṣẹ́ mi á sì bàjẹ́!" Ṣùgbọ́n ajá ti gbé ọ̀kan wá. Ọdẹ́yalé gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi sétí. Ó kọ́kọ́ gbọ́ *hùùù*. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun, ó sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń rẹ ọmọ náà:

Dákẹ́ o, olójú bí ìràwọ̀,
Bàbá àgbà ń bọ̀ lọ́nà.
Ó ń bọ̀, kò ní í pẹ́,
Adùn ló lọ bu wá.
Dákẹ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́
pé ìyá rẹ náà ń sunkún.

Ọdẹ́yalé fò dìde lórí ẹní. "Ọdẹ́bùnmi! Ọdẹ́bùnmi lorúkọ ọmọ mi!" Omi lé sí i lójú. Ajá wá ń lá a ní apá láti tù ú nínú. Ó lá apá, ó lá ọrùn ọwọ́, ó lá ẹsẹ̀, kò dúró.

"Ẹ̀yìnlàárò, ó tó. Kí lò ń jẹ lára mi?"

Ó wo apá rẹ̀. Omi òkun tó fi wẹ̀ ti gbẹ sí i lára, ó fi nǹkan funfun sílẹ̀ bí ẹfun. Ọdẹ́yalé fi ahọ́n kàn án.

Ó rẹ́rìn-ín títí tí Alákàn fi rò pé oòrùn ti yí i lórí. "Alákàn, mú mi lọ sọ́dọ̀ ọba. Lónìí nìkan, jọ̀wọ́, fi iwájú rìn!"

"N kò lè rìn ín, bàbá. Àmọ́ n ó fi ẹ̀gbẹ́ sáré."

Gbogbo ìlú pé jọ. Ọba ní, "Ọdẹ, ṣé o ò ní í sùn sí i? Ẹní rẹ ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́."

"Kábíyèsí, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo fẹ́ pín ẹran mi."

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó nà án sí òkun. "Ní ilẹ̀ wa, bí a bá pa ẹkùn, ọba ló ni awọ. Awọ òkun nìyẹn tó ń kọ mànà yẹn. Kábíyèsí, tiyín ni. Ẹran ara rẹ̀, ẹja àti edé, ti àwọn apẹja ni."

Alákàn ké pé, "Ẹ gbà mí o! Ṣé èmi náà wà nínú ẹran?"

"Afinimọ̀nà kì í ṣe ẹran," ni Ọdẹ́yalé wí, ara tu akàn. "Èémí rẹ̀, atẹ́gùn tútù yìí, ti ẹ̀yin tí ẹ ń sá ara yín ni. Ohùn rẹ̀, ti àwọn ọmọdé ni, ó ti wà nínú ìkarahun dè wọ́n. Ó ku èmi. Bí ọdẹ bá pín ẹran tán, egungun ni ó ń gbé kọ́ ara ògiri rẹ̀, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè mọ ohun tó ṣe. Egungun òkun ni ìpín mi."

Wọ́n pariwo. Bàbá apẹja kan ní, "Egungun òkun kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń pẹja, egungun ẹja nìkan ló há mi lọ́fun rí!"

"Ẹ gbé ìkòkò wá," ni Ọdẹ́yalé wí. "Ẹ dá iná."

Wọ́n bu omi òkun kún ìkòkò, iná ń jó, omi ń hó, omi ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí omi tán pátápátá, ọba fúnra rẹ̀ bẹjú wo inú ìkòkò. Iyọ̀ ló rí nísàlẹ̀, ó funfun kinkin.

"Omi jẹ egungun náà," ni Ọdẹ́yalé wí, "iná sì ti kó o jọ."

Ọba gbá ikùn pupa rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín, adé imọ̀ ọ̀pẹ já bọ́. "O yìnbọn fún un, kò kú. O pín in, kò dín. Gbogbo wa sì yó! Ẹ di egungun ọdẹ fún ọdẹ!" Apẹ̀rẹ̀ ńlá ni wọ́n dì. Alákàn sìn ín dé ẹnubodè, ó ń sunkún, ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ ń wo ọ̀tún, èkejì ń wo òsì.

Ẹlẹ́nu-Ikùn ti ń dúró, pákò lọ́wọ́. "Ìdáhùn mi dà?"

Ọdẹ́yalé bu iyọ̀ ṣíún, ó wọ́n ọn sẹ́nu ìsàlẹ̀. Ẹnu náà pa ètè pọ̀, ó fi ahọ́n lá a, ó ké pé, "Iyọ̀ ni! Òun ni! Ó já a!" Ẹnu òkè bínú pé wọn ò fún òun nínú rẹ̀, Ọdẹ́yalé bá wọ́n ọn sí òun náà lẹ́nu. Inú iwin dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kó ẹnu méjèèjì jọ, ó fẹ́ ọdẹ àti ajá àti apẹ̀rẹ̀ sókè, *fùùù*, ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́bùnmi ni wọ́n balẹ̀ sí, láàárín adìẹ.

Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí. Àwọn ẹbí ti jókòó. Bàbá tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ti fi omi tọ́ ọ lẹ́nu, ó ti fi oyin tọ́ ọ, ó wá gbé àwo iyọ̀ tó ṣófo dání, ojú ń tì í. Ọdẹ́bùnmi kò gbójú sókè. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan tó kún fún iyanrìn na wá láti ẹ̀yìn, ó bu iyọ̀ sínú àwo.

"Ẹ pẹ́ o, bàbá mi," ni Ọdẹ́bùnmi wí, ẹkún àti ẹ̀rín ń jà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà," ni Ọdẹ́yalé wí.

Wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu. Wọ́n ní iyọ̀ kì í wọ ọbẹ̀ kí ọbẹ̀ má dùn, ọmọ yìí kò ní í wọ ilé kí ilé má dùn. Ọmọ náà fajú ro, ó lá ètè, ó tún ya ẹnu pé kí wọ́n mú òmíràn wá. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n wo Ọdẹ́yalé pé kó fún un lórúkọ. Ó fún un lórúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́ rí nílùú wa, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà odò nígbà tí mo wà ní kékeré: Òkundùnmí.

Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Mo sọ fún yín pé ọmọ náà lẹ́wà.

Ẹ bá mi na ọwọ́ sí àwo tó wà lórí pẹpẹ yẹn. Ẹ rọra. Egungun òkun ni. Mo bu ú sọ́bẹ̀ báyìí, mo rò ó. Àbúrò, tọ́ ọ wò. Ó ti dùn? Ẹ gbé àwo yín wá, àwọn ọmọdé ni kó kọ́kọ́ bu. Iyán wà lábẹ́ igbá, ẹran wà lẹ́nu ìkòkò, kò sẹ́ni tí kò ní í kàn. Bí ẹ bá jẹ tán, tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ gbe orin yìí lọ́nà kí n máa gbọ́ ọ títí ẹ ó fi wọlé:

Ọdẹ́yalé ti dé láti òkun,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*
Ó pín in, kò dín rárá,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*
A jẹ, a yó, a relé wa,
*Iyọ̀ dùn, iyọ̀!*